Àpótí Tó Ń Kùn Nílé Màmá Olórin

Òórùn ata ilẹ̀ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ tíì àti mílíìkì ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà Màmá ní Aurora, ní Amẹ́ríkà níbí. Láti Bolingbrook ni mo ti ń wakọ̀ lọ tọ́jú wọn, ojú mi á sì ti wà lára aago kí n tó bọ́ bàtà, torí iṣẹ́ kejì ń dúró dè mí lọ́sàn-án. Ìwọ náà mọ bí ayé ibí ṣe ń léni. Ogójì ọdún ni Màmá fi kọ orin àtayébáyé ilẹ̀ Íńdíà káàkiri ìlú, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gba ohùn lẹ́nu wọn. Ọmọ wọn obìnrin sọ fún mi pé kí wọ́n tún kọrin lẹ́ẹ̀kan sí i ni gbogbo àdúrà wọn.

Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tó ń kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ohùn kan náà, bíi fíríìjì tó fẹ́ bàjẹ́. Mo kórìíra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí orí ń fọ́ mi, mo pa á, mo ní kí aláìsàn lè sinmi. Irọ́ ni, èmi ni mo fẹ́ sinmi.

Kò pẹ́ tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan tó ṣì lágbára lu bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń wò yíká bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè. Mo pe ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan, ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìtọ́jú tó gbà mí síṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ calm down. Kí lẹ change nínú room yẹn?"

Mo wo àpótí. Mo yára tàn án.

Màmá ò lu bẹ́ẹ̀dì mọ́. Wọ́n di ojú, wọ́n la ẹnu, ohùn kan sì jáde. Ó tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, ó ń wá ohùn àpótí náà kiri títí ó fi bá a, ó sì dúró síbẹ̀. Èmi tí n kì í jókòó, mo jókòó. Mo pẹ́ síṣẹ́ kejì lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ọmọ wọn, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Auntie, ohùn irú àpótí yẹn ni àwọn olórin wa máa ń gbé orin lé. Láti ọmọ ọdún méje, Màmá kì í kọrin láìsí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ohùn wọn."

Màmá ti dolóògbé báyìí. Ìyá tèmi máa ń pè mí láràárọ̀ láti Ìbàdàn, àdúrà kan náà, kò lé, kò dín. Tẹ́lẹ̀, màá gé e láàárín: "Mọ́mì, mo ti ń pẹ́." Ara mi ò tíì balẹ̀ di ìsinsìnyí, mo ṣì ń wo aago, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ọ dé àmín. Ẹ̀rù ọjọ́ tí fóònù náà kò ní dún mọ́ ń bà mí, tí èmi náà á máa wò yíká bíi ti Màmá lọ́jọ́ tí mo pa àpótí.