Tẹlifíṣọ̀n Fífẹ̀ Tí Bàbá Fi Ọ̀pá Aṣọ Wọ̀n

Òórùn ata ilẹ̀ inú kókó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ ra tẹlifíṣọ̀n. Kókó ni àwa tí a dàgbà sí Kùmásí ní Gánà ń pe ẹ̀kọ mímu gbígbóná, ẹni tó bá sì gbé àdúgbò Sawaba nígbà èwe wa á rántí pé òórùn yẹn máa ń ṣáájú oòrùn dé ojú fèrèsé. Ìyá Mẹ́mù, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ń tà á pẹ̀lú àkàrà. Bàbá ò dúró mu ún lọ́jọ́ yẹn. Ó ti wọ jàlàbíà funfun tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni. Ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ lọ́jà wà ní abíyá rẹ̀.

"Bàbá Ràfíù," ni Ìyá mi pè é, "ṣé ẹ fẹ́ lọ rán ṣòkòtò fún tẹlifíṣọ̀n ni?"

Bàbá ń wá bàtà rẹ̀. Aṣọ ni bàbá tirẹ̀ gbé wá tà láti Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ lòun náà ń tà, ó sì gbà pé kò sí ohun tí ọ̀pá aṣọ ò lè wọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Aṣọ tó bá fẹ̀, a lè gé e. Èyí tó bá kéré, ta ni yóò fà á?"

A ní tẹlifíṣọ̀n kan tẹ́lẹ̀, kékeré, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbá létí kí àwòrán rẹ̀ tó dúró. Kò dùn wá rárá, àfìgbà tí Bùrọ̀dá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ránṣẹ́ láti Jámánì pé òun máa fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ara òun ránṣẹ́ sílé. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Ó rí tínínrín nígbà tó ń lọ, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló sì ń sọ pé òun ń jẹun dáadáa. Èmi ni mo máa ń kà á fún Ìyá. Ìyá ò gba lẹ́tà gbọ́. Ó ní ìwé kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni yóò wí, "ẹ jẹ́ n rí ojú ọmọ mi." Nítorí ojú yẹn la ṣe ń lọ sí ọjà Asafo.

Tòkunbọ̀ ni gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí ọkùnrin kan tò sílẹ̀ níbẹ̀ fún títà. Wọ́n ń rùn bí àpótí tí wọ́n ti pa dé fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa, tuntun ni wọ́n. Ó tan méjì pa pọ̀, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ṣe déédéé bíi ti gbogbo ayé, ọ̀kan tó fẹ̀ bí pátákó ìkọ̀wé. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ń kọrin nínú méjèèjì. Nínú èyí tó fẹ̀, gbogbo wọn ló sanra. Ojú wọn rí rọ̀gbọ̀dọ̀, ọrùn wọn kúrú, kódà dùùrù wọn sanra.

"Àlàájì, wei deɛ, ɛyɛ paa!" ni ọkùnrin náà wí, ó ń fọwọ́ lu èyí tó fẹ̀ pẹ́pẹ́, pé ìyẹn gan-an ló dára jù. Bàbá ò tíì dé Mẹ́kà nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n ní Asafo, ẹni tó bá ti dé fìlà tó sì fẹ́ ra nǹkan, Àlàájì ni.

Ìyá tẹ̀ síwájú. "Ẹ wo ọmọbìnrin yìí. Ẹ wò ó níbí, ẹ wá wò ó lọ́hùn-ún. Èèyàn kan náà ni. Bàbá Ràfíù, irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa."

"Kì í ṣe irọ́," ni Bàbá dáhùn, "àyè ló fún un." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ojú tẹlifíṣọ̀n náà láti ìhà kan dé èkejì, ó mi orí bí ẹni tó rí aṣọ gidi. Ìyá yíjú sí mi, bóyá mo máa gbè é lẹ́yìn. Èmi ti ń ro bí mo ṣe máa ròyìn ní ilé ìwé. Mo ní, "Màámi, èyí tó fẹ̀ ló dáa." Bí a ṣe gbé e lọ sílé nìyẹn.

Ìyá fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí wọ́n bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Ẹ wá wo àwọn èèyàn Bàbá Ràfíù, wọ́n tún ti jẹun yó lónìí." Èmi ní tèmi sọ nílé ìwé pé ó fẹ̀ tó ẹní. Tíṣà wa gbọ́, ó ní ì bá dára kí ìṣirò mi náà fẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì dé. Bọ́gà kan ló mú un wá. Bọ́gà là ń pe àwọn tó bá ti Jámánì dé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn obìnrin agboolé jókòó sórí ẹní, Bàbá jókòó sórí àga, Bùrọ̀dá Ràfíù sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó sanra! Ó ṣí fíríìjì kí Ìyá lè rí oúnjẹ. Fíríìjì náà fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù. "Màámi, mo ń jẹun dáadáa," ló wí.

"Ei, Ìyá Ràfíù, wo ba no ayɛ kɛseɛ!" Ìyá Mẹ́mù ló pariwo. "Ọmọ yín ti di ńlá! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àkàrà mi!"

Ìyá bo ẹnu. "Alihamudulilahi," ló ń wí ṣáá. Kò rántí irọ́ kankan.

Èmi rántí. Mo ti rí bọ́tìnì kan lára rìmóòtù tí ẹlòmíì ò tíì mọ̀ nínú ilé. Mo dìde láàárín wọn. "Màámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé irọ́ ló ń pa? Ẹ wò ó." Mo tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi sì fún wọ àárín. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣófo lọ́rùn rẹ̀. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ò yí padà, ó ṣì ń sọ pé òun ń jẹun dáadáa.

Ìyá Mẹ́mù ń wo ẹní. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá Sùlè lóhùn," ó ní, "ó ti tẹ ibi tí wọ́n fi ń fún èèyàn."

Bàbá, tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, sọ pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ yẹn: "Dá a padà, Sùlè."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wọ aṣọ ilé ìwé nígbà tí Ìyá pè mí. Òun nìkan ló wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n tẹ ibẹ̀ yẹn. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi tínínrín náà títí, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí gíláàsì.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó nu gíláàsì náà pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Ó dáa. Dá a padà sí ti bàbá rẹ kí Ìyá Mẹ́mù tó wọlé." Lọ́sẹ̀ yẹn, ó lọ ata àti ẹja gbígbẹ, ó dín wọn di ata ṣító kún ìgò ńlá, ó ní kí bọ́gà tó ń padà lọ gbé e fún Bùrọ̀dá Ràfíù. Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Ìwé mi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn mo rò pé èmi ni mo gbọ́n jù ní Sawaba. Ọmọ yẹn mọ bọ́tìnì, ó kàn jẹ́ pé kò mọ ìyá rẹ̀ ni. Bùrọ̀dá Ràfíù ti padà wálé. Ikùn rẹ̀ yọ báyìí, kò nílò ẹ̀rọ tó máa mú un fẹ̀. Èmi ni mo wà lókèèrè, ní Témà, mò ń jó irin pọ̀, iṣẹ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Bí mo bá pe Ìyá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, mo máa ń gbé e sún mọ́ ojú mi gan-an kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lè kún un. Mo ní, "Màámi, mo ń jẹun dáadáa."

Á wò mí.

"Sùlè," á ní, "gbé fóònù yẹn jìnnà sí i."