Káàdì Tí Geneva Sọ Sínú Agbọ̀n Àdúrà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Geneva Tuinstra fi dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Tó bá di ọ̀sán Sọ́ńdè, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin láàárín wọn a máa wá jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà nílé rẹ̀. Kì í wàásù fún wọn. Oúnjẹ ló ń bù.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ẹnikẹ́ni kì í ṣòfófó o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni! Àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ tú àṣírí ẹlòmíì á kọ ọ́ sórí káàdì, á sọ ọ́ sínú agbọ̀n. Ní Fúráìdè, Ọ̀gbẹ́ni Rozema, alábòójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á kà á sókè nínú ìsìn láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń darí ọwọ́ òun.

Geneva náà ti ṣe é rí. Tọkàntọkàn ló fi kọ orúkọ Joel, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó ń wá jẹun nílé rẹ̀, sí káàdì, pé kí Ọlọ́run tu ọmọ náà nínú, bàbá rẹ̀ ti lé e jáde torí ọkùnrin tó fẹ́ràn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti lé Joel. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun Geneva títí dòní.

Ní ọdún yìí, Marit, òun náà ọ̀kan lára àwọn ọmọ ọjọ́ Sọ́ńdè, ló kàn. Obìnrin ni olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì ku oṣù méjì kó gbàwé ẹ̀rí. Rozema wọ ilé ìdáná wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyáàfin Geneva, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń wá sílé yín, ká lè gbé wọn síwájú Olúwa."

"Ṣé Olúwa ò mọ orúkọ wọn ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Àwa la ò mọ̀ ọ́n."

"Áà! Ẹ sòótọ́ lónìí."

"Tí mi ò bá rí káàdì yín ní Fúráìdè, ẹ má wulẹ̀ wá síṣẹ́ ní Mọ́ńdè."

Ní Fúráìdè, Marit rí i tí Geneva sọ káàdì sínú agbọ̀n. Ó rò pé orúkọ òun ló wà níbẹ̀. Rozema fa káàdì náà yọ, ó gbóhùn sókè:

"Ẹ gbàdúrà fún ẹnìkan láàárín wa, tí etí rẹ̀ ń yún fún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kiri, tó sì ń pè é ní àdúrà. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ro…"

Ó yára ká káàdì náà mọ́wọ́. Marit bá dìde, ó gbe ègbè tí wọ́n máa ń gbè lẹ́yìn àdúrà:

"Olúwa, gbọ́ àdúrà wa!"

Ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ gbè é.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ Geneva. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àga ò tó nílé rẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Marit jókòó sí tó ń lá ọbẹ̀.