Kọfí Bàbá Mi àti Àwọn Tó Gbowó Yìn Ín

Bàbá mi ní oko kọfí kan lójú ọ̀nà Ìyàh-Gbede, ó sì ti búra pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá fi rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá ra kọfí náà, òun á gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, òun á sì gbin kajú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Iyán ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ọkùnrin tó bá fi ìbínú sọ̀rọ̀, ẹ lè bẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń fọwọ́ nu ọbẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kí lẹ fẹ́ bá a sọ?

Ìpínlẹ̀ Kogí ò tíì dàgbà nígbà yẹn. Àwọn àgbà Kábà ṣì máa ń gbàgbé, wọ́n á ní ará Kwárà làwọn. Ìjọba tó ń ra kọfí lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti fọwọ́ kúrò níbẹ̀ tipẹ́, àwọn oníṣòwò tó ń gbé ọkọ̀ wá sì ń dín kù lọ́dọọdún. Àpò kọfí wá jókòó sí yàrá kejì nílé wa bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

Èmi ní tèmi, mo ní kafé kan nínú ìlú: kọ̀ǹpútà díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo, àti ẹnu mi. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá wo èsì ìdánwò níbẹ̀, àwọn bàbá kan ń wá wo ohun tí mi ò ní dárúkọ. Mo wá ṣe ìkànnì fún kọfí bàbá mi. Mo gbé fọ́tò igi síbẹ̀, fọ́tò èso pupa, àti fọ́tò bàbá mi fúnra rẹ̀, tó fajú ro bí ẹni tó ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Ìkànnì yẹn rẹwà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sẹ́ni tó rí i. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ kọfí sínú ẹ̀rọ àwárí, gbogbo ayé ni ẹ̀rọ náà máa kó jáde kó tó kàn wá. Ojú ìwé tá a wà, àfi ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè ráyè débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, bi mí pé kí ló fà á. Mo fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rọ àwárí kì í fi gbogbo ara gba ohun tí o bá sọ nípa ara rẹ. Bí ìdílé tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ ló ṣe ń ṣe, á lọ wádìí rẹ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí ìkànnì mìíràn bá fi líǹkì sójú ìwé tirẹ̀, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, aládùúgbò tó jẹ́rìí rẹ nìyẹn. Bí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ ẹni iyì, ẹ̀rọ náà á gbé ọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ń mi orí, àmọ́ ibi tí mo ti ní kí ẹlẹ́rìí pọ̀ nìkan ló gbé padà lọ sí Lọ́kọ́ja.

Kò pẹ́ tí ìkànnì wa bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí owó epo. Ọ̀yẹ́ ò tíì lọ tán tá a fi dé ojú ìwé àkọ́kọ́. Àwọn ènìyàn ń kọ̀wé láti ìlú òkèèrè, wọ́n ń béèrè bí kọfí wa ṣe rí. Bàbá mi gbọ́, ó ní kí wọ́n bá òun tún àpò tó ya rán. Èmi ni ara mi ò balẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí ló ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọkùnrin kan wà ní Èkó tó ń ta líǹkì, òun sì ti rà wọ́n bẹẹrẹ.

Mo lọ wo àwọn ẹlẹ́rìí wa. Yéè! Ọ̀kan ń ta oògùn tó ń mú irun hù lórí apárí. Òmíràn jẹ́ ti àwọn onítẹ́tẹ́. Ọ̀kan, ajá ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ní èdè tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń yìn wá, kò sẹ́ni tó yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ènìyàn kì í dé, ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé bí ó bá lọ wádìí ọkọ ọmọ rẹ̀, tí onítẹ́tẹ́, olóògùn àti alájá sọ gbólóhùn kan náà fún un láìtàsé, ṣé kò ní mọ̀ pé wọ́n ti jẹ nǹkan? Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo ní bó bá jẹ́ pé ìpolówó lásán ló fẹ́ san, àmì kan wà tí wọ́n ń fi sára irú líǹkì bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé owó ló ń sọ̀rọ̀, kó má kà á mọ́ ẹ̀rí. Ó ní bí wọ́n bá fi àmì sí i, kí wá làǹfààní rẹ̀? Ó ní kí n jẹ́ kí bàbá wa rí ẹni ra kọfí.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e, ará ilé wa nìkan ló lè ṣe é. Bàbá mi wá sí kafé, ó fìdí mọ́ àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ń pe orúkọ kọfí òun káàkiri ayé, ṣé a ti dúpẹ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. O ó dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, o ó tún jí lọ dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó bá sì tóbi, o ó dúpẹ́ ní gbangba kí gbogbo ìlú lè mọ ẹni tó ṣe é. Mo gbìyànjú láti sọ fún un pé irú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n gba nǹkan wa. Mo ní wọ́n gbà á. Ó bi mí bóyá wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo ní wọ́n ń ṣe é.

Ó ní, "Ẹni tó gba nǹkan rẹ tó sì jíṣẹ́ rẹ, kí lo wá fẹ́ fi pa mọ́?"

Kò dìde lórí àga àfìgbà tí mo tẹ ọpẹ́ náà tán. Ó sọ ọ́ lẹ́nu, mo ń kọ ọ́: pé ìdílé wa dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó gba ẹ̀bùn kékeré lọ́wọ́ wa tí wọ́n sì ń yin kọfí wa, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó rẹ ẹnu wọn. Orúkọ onítẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, ti olóògùn wà níbẹ̀, ti alájá náà ò gbẹ́yìn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ní kí n gbé e sí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bàbá ni.

Mi ò lè búra pé ọpẹ́ yẹn ló tú àṣírí wa. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ẹ̀rọ àwárí máa ń dá irú àwọn ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní pariwo. Á kàn dẹ́kun láti máa ka ọ̀rọ̀ wọn kún, owó rẹ á sì ṣègbé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ènìyàn gidi náà wà nílé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń yẹ ìkànnì wò, àwọn yẹn ló ń dájọ́. Àwa wá kọ ìjẹ́wọ́ wa sójú ọ̀nà, a tún fi àdúrà kádìí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ orúkọ kọfí wa gan-an sínú ẹ̀rọ, a ò sí níbì kankan. Iṣẹ́ kúkúrú kan ni wọ́n fi ránṣẹ́, pé àwọn líǹkì tó wá sọ́dọ̀ wa kò tọkàn wá. Mo sọ fún bàbá mi. Kò bínú. Ó kàn jáde síta, ó gbójú sókè wo ìkùukùu, ó padà wọlé. Mo rántí kajú tó ní òun á gbìn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Lọ́kọ́ja, kò sì sí yẹ̀yẹ́ tí mi ò fi ṣe é. A kọ̀wé sí gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí wa pé kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ orúkọ wa. Onítẹ́tẹ́ ní àfi ká tún sanwó kó tó lè yọ ọ́. Alájá ló ṣe ọmọlúàbí jù, ó yọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó tún kí wa. Àwọn tó kọ̀, a ka orúkọ wọn fún ẹ̀rọ náà pé kó má gba ẹ̀rí wọn. A sọ ohun tá a ṣe láìfi bò, a yọ ọpẹ́ bàbá mi kúrò, a sì bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dá wa padà, kì í ṣe sójú ìwé àkọ́kọ́ o, ibi tó tọ́ sí wa ni wọ́n gbé wa sí.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi jí láàárọ̀. Ó lọ sóko bó ṣe máa ń lọ, ó dé, ó wẹ̀, ó sùn.

Ọjọ́ kejì ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wa, ó ń bọ̀ láti Àbújá, ó fẹ́ ṣí ilé ìtajà kọfí síbẹ̀. Ó ní òun ti ń pè wá láti ìjẹta, nẹ́tíwọ̀kì ni ò jẹ́ kó wọlé. Olùkọ́ kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ló kọ̀wé nípa kọfí ilẹ̀ Ìjùmú, níbi tí oko wa wà, sórí ìkànnì rẹ̀, tó sì fi líǹkì júwe oko bàbá mi, ibẹ̀ ni obìnrin náà ti rí wa. A ò mọ̀ ọ́n rí, a ò sì fún un ní kọ́bọ̀. Obìnrin náà tọrọ ìkòkò lọ́wọ́ màmá mi, ó yan kọfí wa lórí iná, ó gún un, ó sè é, ó bu tiwa fún wa. Bàbá mi gba ife tirẹ̀ tìfura-tìfura. Láti ìgbà tó ti ń gbìn ín, àpò ló mọ̀ pé ó ń wọ̀, kò fi kan ẹnu rí. Ó mu ún, ó wo inú ife, ó tún mu ún títí ife fi gbẹ.

Obìnrin náà ní òun máa kó gbogbo èyí tó wà nílé, òun á sì fẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n mú òun lọ wo oko. Bàbá mi ló ṣíwájú. Nígbà tá a débẹ̀, ìlà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti wà nílẹ̀ gbalaja, bàbá mi ti gé wọn mọ́lẹ̀ pátápátá, ewé wọn ṣì tutù.  Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀ka kan.

Ó ní, "Àná ni mo bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo ti mu ún rí ni."