Akẹ̀yìn-sí-pápá

Nínú gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ìwé girama agbègbè wa, ọkọ mi ló gba ife-ẹ̀yẹ jù, kò sì fojú ara rẹ̀ rí ọ̀kan péré nínú àwọn eré tó fi gbà wọ́n. Mi ò parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí pápá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tó dé ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan láti kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, tajá tẹran ló ń nà wọ́n. Lọ́jọ́ kan, fèrè ọrùn rẹ̀ já bọ́ sínú koríko. Ó kẹ̀yìn sí eré, ó ń wá a, ni àwọn ọmọ rẹ̀ bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó yíjú kó wò ó, àwọn alátakò dá a padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tún gbá òmíràn wọlé. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, odindi ọ̀mọ̀wé, lọ fi bàtà tẹ fèrè náà mọ́lẹ̀ kó má baà tètè rí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gbé àga fún un, tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Nígbà tó yá, òfin náà dé ibi ìgbáradì. Ògiri ló ń pariwo mọ́ pé, “Ẹ sáré! Ẹ gbé e fún ẹnìkejì yín!” Òkìkí rẹ̀ kàn. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ìwé ìròyìn ń gbé jáde. Bí a bá pàdé èèyàn lójú pópó, wọ́n á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kẹ̀yìn sí wa díẹ̀, ká mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni.” Ọkọ mi á sì ṣe bẹ́ẹ̀! Màá fà á lọ́wọ́ pé ká máa lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ parí, wọ́n ní àwọn á gbẹ́ ère rẹ̀ sẹ́nu géètì. Agbẹ́gilére wá wọn èjìká rẹ̀, ó ń lọ. Mo ní ojú ńkọ́?

“Màmá, ta ló mọ ojú?”

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Àṣekágbá ọdún náà ni eré tó máa gbá kẹ́yìn kó tó jáde ilé-ìwé. Bí a ti ń jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní, “Dádì, ẹ wò mí lónìí.”

“Bí mo bá wò ọ́, wọ́n á nà yín.”

“Kí wọ́n nà wá! Mi ò gbá bọ́ọ̀lù lójú yín rí. Tó bá ti dòní, ó parí nìyẹn.”

Ọkọ mi ń fi ṣíbí ro tíì tí kò ní ṣúgà. Mo ní, “Olówó orí mi, ife-ẹ̀yẹ ò lè pè yín ní Dádì.”

Ògiri létí, ọ̀gá àgbà gbọ́. Ó ní kí olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ ìtàn di èjìká ọkọ mi mú lórí àga. Eré ń lọ, ẹnikẹ́ni ò gbá wọlé. Ó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n fún àwọn alátakò ní pẹ̀nárítì.

“Dádì!” lọmọ mi ké.

Gbogbo pápá pariwo: “Ẹ má wẹ̀yìn o!”

Ọkọ mi dìde tòun ti olùkọ́ méjèèjì lọ́rùn, ó yíjú.

Ọmọ náà fò sápá ọ̀tún. Wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó ṣubú tán ni wọ́n rọra ti bọ́ọ̀lù gba apá òsì, ó wọlé.

Ọ̀gá àgbà na gbalaja sórí koríko. Agbẹ́gilére tó wà lẹ́nu géètì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọkọ mi nìkan ló ń pàtẹ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an ni.

Nígbà tí èrò túká, ọmọ náà wá bá wa.

“Dádì, ẹ rí mi?”

“Mo rí ẹ. O ò mọ ilé ṣọ́ rárá.”

Ẹ̀rín pa á títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Ta ló kọ́ mi?”

“O máa ń tètè fò. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a ni kó o máa wò.”

Ọkọ mi bọ́ kóòtù tó wọ̀ láti fi dágbére fún iṣẹ́, ó gbé e fún mi, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Dúró,” ló ń wí. “Má tíì fò.”

Aṣọ́nà fẹ́ ti géètì. Mo ní kó ṣe sùúrù, ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.