Éjẹ́ńtì Orí Àtẹ̀gùn

Mílíọ̀nù kan géérégé ni Télọ̀ jẹ ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Gbèsè náà kò ti ọwọ́ àìsàn wá, kò sì ti ìdí tẹ́tẹ́ wá. Kó má baà sanwó fún éjẹ́ńtì ló fi wọ̀ ọ́.

Òdìkejì títì ni mò ń gbé sí wọn nígbà náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni ilé wọn: ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìdáná nísàlẹ̀, pálọ̀ àti yàrá méjì lókè, àtẹ̀gùn tóóró kan láàárín. Àtẹ̀gùn yìí ló jẹ orúnkún Ìyá Ìbejì, ìyàwó Télọ̀, tán. Nígbà tó yá, ìdí ni ìyá náà fi ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, tó bá sì ti sọ̀, ó di alẹ́ kó tó tún gòkè. Wọ́n ti rí ilé ilẹ̀ kan tó wù wọ́n lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó ni ín ní òun á fi dè wọ́n di ìparí oṣù; bí wọn ò bá mówó dé, òun á tà á fún ẹlòmíràn. Ó di dandan kí tiwọn tà kó tó dìgbà náà.

Éjẹ́ńtì kan wá wò ó. Ó ní ilé náà á pa ogún mílíọ̀nù, òun á sì gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Télọ̀ ní, "Mílíọ̀nù kan? Torí pé ẹ ṣílẹ̀kùn fún èèyàn, tí ẹ ní 'pálọ̀ rèé'? Èmi náà mọ pálọ̀ mi."

Ó sọdá wá bá mi, ó ní òun á tà á fúnra òun lórí ayélujára, ọ̀fẹ́ ni. Mo bi í pé dátà ńkọ́. Ó ní kí n yéé ka nǹkan tí kò tó nǹkan.

Òun fúnra rẹ̀ ló ya fọ́tò. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Pálọ̀ ò hàn rárá, aṣọ oníbàárà ló bo ògiri. Ó wá fi téèpù ọrùn rẹ̀ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ ní íǹṣì, àfi bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún ilé. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọgbọ̀n mílíọ̀nù.

Mo ní ṣebí ogún la gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń pe iye tó fẹ́ gbà? Tí mo bá fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún méjì lórí ṣòkòtò, mẹ́ta ni mo máa pè. Oníbàárà á fi mí ṣẹ̀sín, èmi náà á fi í ṣẹ̀sín, a ó wá pàdé ní méjì."

Ohun tí kò yé e ni pé lórí ayélujára, kò sí ẹni tó dúró láti fi í ṣẹ̀sín. Iye tó wà lápò ẹni tó ń wá ilé ló máa kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, ilé tí kò bá ju ìyẹn lọ nìkan ló sì máa rí. Ẹni tó ní ogún kò mọ̀ pé ilé Télọ̀ wà láyé. Ẹni tó ní ọgbọ̀n ń wo ilé tó ní ọgbà òdòdó. Ìgbà tó bá kan ti Télọ̀, ṣòkòtò tó wà lára ògiri ló ń rí.

Nọ́ńbà Ìyá Ìbejì ló fi síbẹ̀, torí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá náà a jókòó sórí àtẹ̀gùn, fóònù a wà lórí itan. Ọ̀kan nínú àwọn tó pè fẹ́ ta ilé tirẹ̀ fún wọn. Ẹlòmíràn béèrè iye kóòtù tó rí nínú fọ́tò kejì. Télọ̀ rán irú rẹ̀ fún un, ó sì gba owó rẹ̀ ṣáájú. Èrè tí ayélujára kọ́kọ́ mú wọlé nìyẹn.

Ẹnì kan ló béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ta ilé. Ìyá Ìbejì ní àtẹ̀gùn ló ba orúnkún òun jẹ́. Télọ̀ gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù, ó pa ẹ̀rọ.

"Ẹnu rẹ ló máa ba ọjà yìí jẹ́. O ò gbọ́ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké?"

"Ta ló ti wá ra tiyín?" ni ìyàwó rẹ̀ fi dá a lóhùn. "Irọ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá lẹ gbé sórí ilé."

Nígbà tí oṣù ń lọ sópin, Ìyá Ìbejì pè mí lórí fóònù, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń yí iye padà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Lórí àtẹ̀gùn náà ló ti sọ ọgbọ̀n di ogún, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àtẹ̀gùn ilé yìí ga, ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó má wulẹ̀ wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù ò sinmi mọ́.

Obìnrin olùkọ́ eré ìdárayá kan ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó sáré gun àtẹ̀gùn, ó sáré sọ̀, ó ní irú èyí gan-an lòun ń wá. Télọ̀ yọ sí wọn, téèpù lọ́rùn, ó ní òun lè fi í sílẹ̀ fún wọn ní mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n. Obìnrin náà na fóònù sí i, ó ní ogún ni ìyá kọ. Bí Télọ̀ ṣe mọ iye tí ilé ara rẹ̀ ń pa nìyẹn. Lọ́yà parí ìwé, owó wọlé, ilé ilẹ̀ náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kí oṣù tó parí.

Mo lọ kí wọn níbẹ̀. Ìyá Ìbejì rìn láti ilé ìdáná dé yàrá láìdi nǹkan kan mú, ó padà wá jókòó, ó tẹ́wọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, mílíọ̀nù kan mi dà?"

Télọ̀ ní mílíọ̀nù wo.

"Èmi ni mo gbé fóònù. Èmi ni mo pe iye. Èmi náà ni mo ní 'pálọ̀ rèé'. Ìdá márùn-ún."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó wojú mi kí n bá a rín in. Mo ti ṣe ìṣirò náà lọ́kàn, kò sì ní àṣìṣe. Ó ní kó gba ìdajì.

"Ẹ má wulẹ̀ ná an," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mi ò bu nǹkan kan lé e."

Díẹ̀díẹ̀ ló ń san án. Ó ti san án ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ó ní ìyẹn dípò dátà tí òun fi polówó ilé. Ìyàwó rẹ̀ ní ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó kù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú téèpù.