Ọ̀sẹ̀ Iléyá Tí Mo Tà fún Ìyá Aláṣọ

Òórùn ẹ̀gúsí tó ń jẹrà ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí ibi tí mo ti ṣe máníjà nígbà náà. Ìwọ náà á mọ òórùn ọ̀hún bí o bá ti gba ọ̀nà Ẹ̀rúwà sí Ìgbó-Ọrà kọjá rí nígbà òjò. Àwọn àgbẹ̀ á fọ́ bàrà, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì òkìtì sínú oko, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó rà dáadáa kí wọ́n tó fọ hóró rẹ̀ jáde. Òórùn yẹn máa ń kan, adùn díẹ̀ sì máa ń wà lábẹ́ kíkan náà, á bá afẹ́fẹ́ rìn títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn àlejò tó bá wá láti Èkó á fi aṣọ bo imú lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á gbàgbé. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á máa béèrè ibi tí wọ́n ti lè ra ẹ̀gúsí lọ sílé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, nítorí òun ló wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba Iléyá odidi ìdílé kan jẹ́.

Ilé ìsinmi ni ibẹ̀, ilé kékeré mẹ́fà lẹ́sẹ̀ àpáta, pẹ̀lú igi kajú ńlá kan láàárín wọn. Alága tó ni ín kì í ṣe ọmọ Ìbàràpá. Kọngilá tó ń gbaṣẹ́ ṣe ni, Èkó ló ń gbé, ó sì ti rìnrìn àjò dé òkè òkun, níbi tó ti rí i pé àwọn ènìyàn a máa ra ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú ilé. O kò ra ilé náà, o kò sì háyà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan nínú ọdún lo rà, ọ̀sẹ̀ yẹn sì di tìrẹ fún ogún ọdún. Bó bá ti pé, wàá wá gba kọ́kọ́rọ́, ilé ti di ilé rẹ nìyẹn. Bó bá parí, ẹlòmíràn á wọlé. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni, nígbà tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù, ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi sì ń gba eruku lára ògiri. Alága gbà mí pé kí n máa ta ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi. Ọdún 1985 nìyẹn.

Àwọn ará ìlú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wẹ́dà kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìdèrè, kò jẹ́ kí alùpùpù mi kọjá kó má dá mi dúró. Á ní, "Máníjà, bí ẹ bá ti ta ilé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó máa ra ìyàwó mi fún ọ̀sẹ̀ kan." Ìyàwó rẹ̀ tó ń dín àkàrà lẹ́yìn ìsọ̀ á dáhùn pé kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, pé òun náà ti fẹ́ sinmi.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ rà ni Alàájà kan, ọmọ Ìgbó-Ọrà tó ń ta aṣọ l'Ékòó. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí, àwọn méjèèjì sì ti di ẹni tó ń dá dúró. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, àbúrò wó ògiri pálọ̀ bàbá, ó sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n búra pé òun kò ní sùn nínú ilé yẹn mọ́ láyé. Àbúrò náà ní kò sí ohun tí òun ń wá dé ilé ẹni tó búra. Láti ìgbà náà, ilé ẹ̀gbọ́n ni ìyá wọn ti ń jẹ ẹran Iléyá lọ́dún yìí, wọ́n á jẹ ẹ́ nílé àbúrò lọ́dún tó ń bọ̀, bí àlejò. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọjà wa fún wọn, wọ́n ní, "Ilé tí kò sí ọmọ mi kankan tó lè ní tòun ni, òun gan-an ni mo ń wá."

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni wọ́n fẹ́. Mo wo kàlẹ́ńdà lára ògiri, mo rí i pé ìparí oṣù kẹjọ ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún náà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹjọ, lọ́dọọdún, fún ogún ọdún. Wọ́n tẹ̀ka sí i, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ọmọ ládàánì ni mí o. Mo ti kéwú kí n tó mọ A, B, D. Ọmọ ọdún méje nílé wa mọ̀ pé Iléyá kì í jókòó sójú kan, pé lọ́dọọdún ló máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí Alága gbé ti òkè òkun bọ̀ ní àyè fún ọ̀sẹ̀, kò ní àyè fún òṣùpá, èmi náà sì kọ ohun tí ìwé ní àyè fún.

Lọ́dún kejì, Iléyá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí a kò tíì tà. Mo fi Ìyá Aláṣọ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì fura. Àbúrò nìkan ló wá lọ́dún náà; ẹ̀gbọ́n ní òun ṣì ń wò ó. Lọ́dún kẹta, Iléyá sún dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Mo yẹ ìwé wò, mo rí i pé ọ̀sẹ̀ náà nínú ilé yẹn gan-an ti di ti ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ẹ̀rúwà tó ń gbé Ìbàdàn, Ọ̀gá Tíṣà la ń pè wọ́n. Mo kọ̀wé sí Alága, mo béèrè ohun tí màá ṣe. Èsì tó fi rán awakọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní kí n tẹ̀lé ìwé, pé ẹni tó ti sanwó ogún ọdún tán, kí ló tún kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa mú wá? Ó ní kí n tilẹ̀ jókòó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun, èrè tí àwọn ọlọ́sẹ̀ yìí ń mú wá fún ilé iṣẹ́ wa, kí òun lè mọ̀ bóyá àlejò tó ń sanwó lálaalẹ́ ló yẹ ká gbájú mọ́.

Ó yẹ kí n gun alùpùpù mi lọ bá Ìyá Aláṣọ kí n sọ òótọ́. N kò lọ. Mo ní bóyá Ọ̀gá Tíṣà kò ní wá, ṣebí wọn kò wá lọ́dún tó kọjá. Bí ẹni tó kàwé ṣe máa ń hùwà nìyẹn nígbà mìíràn: tó bá ti mọ ìṣòro tán, á rò pé òun ti yanjú rẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Iléyá ni wọ́n dé pẹ̀lú àpótí onígi ńlá kan àti rédíò. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, wọ́n ti wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ igi kajú, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì Ìyá Aláṣọ bá wọn: ìkòkò, ẹní, àwọn ọmọọmọ, àbúrò tó di okùn àgbò mú. Àwọn ilé márùn-ún yòókù ti kún pátápátá.

Ọ̀gá Tíṣà kò jà. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìwé wọn jáde látinú ọ̀rá, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ wọn rèé, wọ́n rà á. Ìyá Aláṣọ náà tú ìwé tiwọn lára ìró, wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ìparí oṣù kẹjọ. Wọ́n wò mí títí.

"Máníjà, Iléyá ni mo ní kẹ́ ẹ kọ."

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yà wọlé. Ó rí ìyá rẹ̀ níta, ó rí àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò, ó rí ẹrù àjèjì lójú fèrèsé. Kò tilẹ̀ pa iná ọkọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ padà. Ìyá Aláṣọ kò pè é. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n jókòó lórí ìdì ewé tí wọ́n kó wá fún àgbò, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà fà mí sẹ́yìn igi, wọ́n béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún wọn, ìjà ọmọ méjèèjì àti ẹ̀bi tèmi, láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi di igi mú. "Ìwọ ọmọ ládàánì, o lọ yunifásítì bọ̀, kàlẹ́ńdà ògiri lo fi ń wá Iléyá." Lẹ́yìn náà, wọ́n rìn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì wọn lọ dúró síwájú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbé ọwọ́ lé e bí ìgbà tí wọ́n mú ọmọ tó fẹ́ sá kúrò níléèwé. "Pa ọkọ̀ yẹn." Wọn kò kọ́ ọ rí láyé wọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà pa ọkọ̀. Kò sí ẹni tó lọ síléèwé ní Ìbàràpá nígbà tiwa tí kò mọ ohùn yẹn.

Wọ́n wá kọjú sí Ìyá Aláṣọ. Wọ́n béèrè bóyá wọ́n ń ṣe àáró nílé bàbá wọn. Ìyá ní ta ni kì í ṣe àáró, ṣebí àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, oko ẹnì kan lónìí, oko ẹnì kejì lọ́la, títí á fi kárí.

"Tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ tó kan bàbá yín ńkọ́?"

"Ẹlòmíì á gbé ọjọ́ tiẹ̀ fún bàbá mi, bàbá mi á sì san án padà."

"Ó tán. Òjò ló rọ̀ yìí. Ẹ gba ọ̀sẹ̀ mi, èmi á gba tiyín ní ìparí oṣù. Ṣùgbọ́n itan àgbò yẹn kan, tèmi ni."

Àbúrò ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ló ní o." Ọ̀gá Tíṣà ní àwọn mọ̀ ọ́n kà, iṣẹ́ tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nìyẹn. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Yàrá tèmi ni a ní kí Ọ̀gá Tíṣà kó lọ. Ìwé ló kún inú àpótí onígi wọn, ẹnì kan kò lè dá a gbé. Ọ̀gá Tíṣà wò yíká, wọ́n fi ìka pe ẹ̀gbọ́n síwájú, wọ́n fi ìka pe àbúrò sẹ́yìn, wọ́n sì ní kí wọ́n rọra o, rédíò wà lórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e. Lágbedeméjì ọ̀nà, àpótí náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá àbúrò rẹ̀ sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà.

"Gbé tìrẹ sókè díẹ̀."

Àbúrò gbé e sókè. Ìyá Aláṣọ tún gèlè wọn wé.

Lọ́jọ́ kẹta ọdún ni Alága dé láìròtẹ́lẹ̀, ó wá gba ìwé tó ní kí n kọ nípa èrè àwọn ọlọ́sẹ̀. Ó bá Ọ̀gá Tíṣà lábẹ́ igi kajú pẹ̀lú Ìyá Aláṣọ àti àwọn ọlọ́sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ń pín bí ọ̀sẹ̀ Iléyá yóò ṣe máa tẹ̀lé òṣùpá, tí ẹni tó bá kàn á sì máa sún fún Ìyá Aláṣọ bí àáró, èmi sì ń kọ ọ́. Ojú rẹ̀ le. Ó béèrè ẹni tó fún wa láṣẹ. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Aláṣọ ti gbé àwo ẹran sí i lọ́wọ́.

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun, Alága. Àwa la nilé lọ́sẹ̀ yìí, àlejò wa lẹ jẹ́."

Alága wo àwo, ó wo ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, ó sì jókòó. Kò tíì jẹ ẹran kejì tán tí oníbàárà Ìyá Aláṣọ kan, tó ti Ayétẹ̀ wá kí wọn, fi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọ̀sẹ̀ ṣì kù. Alága gbọ́. Ó tún gbé àwo rẹ̀ fún Ìyá Aláṣọ kí wọ́n bu ẹran sí i. Kò béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ mi mọ́ títí ó fi kú.

Ilé ìsinmi náà ti di igbó báyìí. Nígbà tí àwọn àlejò alálaalẹ́ kò wá mọ́, tí páǹpù omi bàjẹ́, àwọn ọlọ́sẹ̀ ló ṣì ń wá, tí wọ́n ń ro àyíká, tí wọ́n ń pọn omi wọn fúnra wọn, títí ogún ọdún fi pé. Ọ̀gá Tíṣà ti lọ, Ìyá Aláṣọ náà ti lọ, Ọlọ́run bá wa kẹ́ wọn. Iléyá sì ti yí gbogbo ọdún po, láti inú òjò wọ inú ọyẹ́, ó tún padà dé ìparí oṣù kẹjọ tí mo kọ ọ́ sí lọ́jọ́sí. Lọ́dún tó padà dé ibẹ̀ yẹn, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọkùnrin méjì tórí wọn ti funfun ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní Ẹ̀rúwà làwọn ti ń bọ̀, àwọn ti gbé itan àgbò dé ilé àwọn ọmọ Ọ̀gá Tíṣà bí àwọn ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, kò yẹ kí àwọn gbàgbé ẹni tó ṣi Iléyá kọ.

Apẹ̀rẹ̀ ẹran àgbò tí wọ́n gbé wá fún mi wúwo. Ọ̀kan di iwájú rẹ̀ mú, èkejì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ gbé e wọlé fún mi.