Àmì Tí Fóònù Kò Mọ̀

Awosánmà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára, ojú fèrèsé ló máa ń kọjú sí, tí yóò máa wo òkè bí ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ó ń tòògbé tan ara rẹ̀ jẹ. Áàpù ló ń kọ nínú orí. Nígbà náà, fóònù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, èyí tí wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lójú. Ojú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ààyè inú rẹ̀ sì há bí ikùn eèrà. Awosánmà ti kọ áàpù tó ń ka ọjọ́ oyún sínú rẹ̀, ó ti kọ èyí tí awakọ̀ fi ń mọ̀nà.

Ìrìn ọjọ́ kan ni ilé àwọn òbí rẹ̀ sí ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, òdòdó àti ẹyẹ ló ń fi òwú yà sára aṣọ. Àìsàn kan ti dí i létí láti ìgbà tí Awosánmà ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ohùn rẹ̀ kò lọ, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ lò ó. Á kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ohùn tí n kò gbọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé tèmi ni?" Nítorí náà, ìwé ni tìyá-tọmọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, irú fóònù kan náà ló sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Àléébù fóònù náà ni pé kò mọ àmì. Lẹ́tà òfìfo ló ń gbé jáde, kò sóhun tó wà lórí, kò sóhun tó wà lábẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá kọ̀wé ránṣẹ́ pé: "Baba re ti ra oko tuntun."

Awosánmà dìde lórí ìjókòó. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tójú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, òun ló ra ọkọ̀? Ó fèsì kíá: "Ta ni yoo maa lo o?"

"Oun naa ni. Aaro yii lo bere."

Ó pe bàbá. Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Ọkọ́ ni mo rà o, ọmọ mi! Ọkọ́ tí mo fi ń ro ẹ̀yìnkùlé!"

Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Mélòó nínú ọ̀rọ̀ ìyá ni òun ti ṣì kà?

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé òun fẹ́ kọ áàpù tí yóò máa fi àmì sí lẹ́tà. Ọ̀gá ní, "Nítorí àmì tíńtín abẹ́ lẹ́tà? Ẹni tó bá gbọ́ èdè á kúkú gbọ́ ọ."

"Ọ̀gá, ẹni tó bá ń gbọ́ ni. Ìyá mi kò gbọ́ràn."

Ọ̀gá yọ awò ojú, ó nù ún títí. "Máa fi àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣe é."

Bó ṣe di pé ó ń ya lẹ́tà nìyẹn, lórí ìwé oníhò-hò bí àwọ̀n: ihò mẹ́jọ ní ìbú, mọ́kànlá ní òró, ẹyọ iná kan lójú fóònù fún ihò kan. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi gba ayé rẹ̀. Ó ń rí wọn lára táìlì ilẹ̀ nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí iná bá tàn ní yàrá kan tí kò tàn ní èkejì lára ilé gogoro iwájú, á kà á: ẹ rè é, ṣ rè é. Bó bá dijú láti sùn, wọ́n á máa rìn gba inú ìkùukùu kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àfi ọ́ nìkan ló ya olórí kunkun. Bí àmì orí bá rí ààyè, tabẹ́ á gé. Bí tabẹ́ bá jókòó, torí á lọ gún ìlà òkè lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko.

Ó kó ìwé náà lọ sílé nígbà ìsinmi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìyá. Ìyá fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí lẹ́tà ọ́, ó kọ ọ́ pé, "Kí ni eléyìí ṣe?"

Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààyè kò gba àmì rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó tún kọ ọ́ pé, "Ikùn rẹ̀ ló tóbi jù. Bí mo bá fẹ́ fi ẹyẹ sórí igi, tí aṣọ kò sì gùn tó, ṣé ẹyẹ ni n óò gé lórí? Igi ni n óò gé kúrú." Ó ka ihò pẹ̀lú ṣóńṣó abẹ́rẹ́, ó yọ ìlà kan kúrò nínú ikùn lẹ́tà. "Ojú á fúnra rẹ̀ kún ìyókù."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kí ìsinmi tó parí, áàpù ti wà lórí fóònù méjèèjì. Ọ̀gá náà gbé e síta, àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé gbà á. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, fóònù mìíràn tó mọ gbogbo àmì ti dé, kò sẹ́ni tó tún bèèrè rẹ̀. Ìyẹn kò dun Awosánmà. Ó ti jẹ èrè tirẹ̀ tán ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan níbi iṣẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ gígùn wọlé láti ọ̀dọ̀ ìyá:

"Ọmọ mi, mo fẹ́ sọ ohun tí n kò fẹnu sọ rí. Ọjọ́ tí etí mi dí, òjò ń rọ̀. Mo ń gbọ́ ọ lórí páànù, mo sì ń gbọ́ ọ bí o ti ń kọ́ ònkà lábẹ́ tábìlì. O kà á dé ẹ̀jọ, ó wá dákẹ́ lọ. Mo rò pé o ti sùn ni. Àṣé etí mi ló sùn. Ṣé o kà á dé ẹ̀wá?"

Ó kà á títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi. Ó fèsì pé: "Màámi, n kò rántí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, n kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìparí."

"Òótọ́ ni. Ohùn bàbá rẹ ńkọ́, báwo ló ṣe rí báyìí?"

"Ó ti gbẹ díẹ̀, bí ewé tí oòrùn pa. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń kọrin bí wọ́n bá ń wẹ̀."

"Orin wo?"

Awosánmà pe bàbá. "Èmi? Orin kẹ̀?" ni bàbá wí. Ó wúkọ́, ó ní ọ̀fun ń yún òun, ó kígbe pé kí wọ́n má dààmú àgbàlagbà. Nígbà tó yá, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọmọ gbé fóònù kan sétí, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ èkejì tó yá níbi iṣẹ́, ó ń kọ orin náà ránṣẹ́ sí ìyá ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohùn òkè lókè, ohùn ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́.